Táǹkì Tó Ń Jẹ Ajẹkù: Ìrírí Mi Nípa Gáàsì Ìdáná Láti Inú Pàǹtírí Ilé

Owó gáàsì ìdáná ti di ohun tí èèyàn ń rò lẹ́ẹ̀mejì kó tó tan sítóòfù, nítorí náà àwọn tó ń béèrè lọ́wọ́ mi bóyá lóòótọ́ ni èèpo iṣu àti ìgbẹ́ màlúù lè se ìrẹsì jinná ń pọ̀ sí i. Ó lè sè é. Ṣùgbọ́n lára àwọn tí mo mọ̀ tó gbé táǹkì báyógáàsì (táǹkì tó ń sọ ohun jíjẹrà di gáàsì ìdáná) kalẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé, àwọn tó ti pa á tì pọ̀ gan-an, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sí èyí tó jẹ́ pé bí wọ́n ṣe kàn án ló fà á. Bí wọ́n ṣe ń bọ́ ọ ló pa á.

Àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń gbé inú ikùn màlúù náà ló ń ṣiṣẹ́ nínú táǹkì yìí, níbi tí afẹ́fẹ́ kò ti lè dé ọ̀dọ̀ wọn. Ọ̀nà méjì ni wọ́n pín sí. Àwọn àkọ́kọ́ á sọ oúnjẹ di omi kíkan, kíákíá ni wọ́n sì ń ṣe é. Àwọn èkejì á jẹ omi kíkan yẹn, wọ́n á sì tú gáàsì methane jáde, èyí tó ń jóná. Àwọn èkejì yìí lọ́ra, wọ́n sì jẹ́ ẹlẹgẹ́. Nígbà tí ti ìṣáájú bá sáré ju tiwọn lọ, omi inú táǹkì á kan bí omi ògì tó ti lo ọjọ́ mẹ́rin, gáàsì tó ń jóná á sì dáwọ́ dúró. Gbogbo ìyókù tí mo fẹ́ sọ, orí èyí ló dá lé.

Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ wọn pàǹtírí ilé yín fún odindi ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ gbé garawa kan sí ìdí ibi ìdáná, kí ohun tó lè jẹrà nìkan máa wọ inú rẹ̀: èèpo iṣu, ẹ̀bà tó ṣẹ́kù, ìrẹsì tó kan, ewé ẹ̀fọ́, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ká fi ojú bù ú, kílò kan irú àdàlù bẹ́ẹ̀ máa ń mú nǹkan bí 100 lítà gáàsì wá, nígbà tí kílò kan ìgbẹ́ màlúù tútù kì í ju 30 sí 40 lítà lọ. Ẹnu sítóòfù kan ń jẹ 300 sí 400 lítà láàárín wákàtí kan. Nítorí náà, ilé tó bá ń rí kílò 5 lójoojúmọ́ á dáná fún wákàtí kan ó lé díẹ̀. Ìyẹn tó fún ọbẹ̀ àti omi gbígbóná. Kò tó láti se ẹ̀wà. Tí a bá fi wé gáàsì inú sílíńdà, 500 lítà yìí kò tó ìdá mẹ́rin kílò kan. Sílíńdà kílò 12.5 kan ni ẹ fi pamọ́ láàárín nǹkan bí oṣù méjì. Ẹni tó bá sọ fún yín pé ẹ máa ju sílíńdà nù, ó fẹ́ ta táǹkì fún yín ni.

Irú èyí tí mo fẹ́ràn fún ìlò ilé ni èyí tí àjọ ARTI ní ìlú Pune, lórílẹ̀-èdè Íńdíà, ṣe, tí wọ́n fi gba ẹ̀bùn Ashden, tí wọ́n ń fún iṣẹ́ agbára tí kì í ba àyíká jẹ́, lọ́dún 2006. Táǹkì oníke méjì ni: ọ̀kan dojú délẹ̀ sínú èkejì, ó ń léfòó lórí omi, ó ń gòkè bí gáàsì bá ń pọ̀, ó sì ń sọ̀ kalẹ̀ bí a bá ń lò ó. Ojú lásán lèèyàn fi ń mọ iye gáàsì tó kù. Èyí tí wọ́n ń fi bíríkì àti sìmẹ́ńtì mọ sínú ilẹ̀ máa ń pẹ́ jù ú lọ, ṣùgbọ́n bíríkìlà tó mọ̀ ọ́n mọ kó má jò kò pọ̀, ibi tó bá sì sán lára rẹ̀ kò rọrùn láti rí.

Ẹ ra táǹkì 1,000 lítà àti ti 750 lítà, ṣùgbọ́n ẹ mú tépù ìwọ̀n dání lọ sí ìsọ̀. Ọ̀tọ̀ ni bí iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ṣe ń ṣe tiwọn fẹ̀. Mo ti rí 750 tí kò wọ inú 1,000 rárá, bẹ́ẹ̀ ni owó ti jáde lápò. Ẹ gé orí méjèèjì. Ìdí táǹkì kékeré ló máa di òrùlé. Àlàfo tó wà láàárín ògiri méjèèjì kò gbọ́dọ̀ ju ìka mẹ́ta lọ. Tó bá fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀, gáàsì á máa gba ibẹ̀ sá, ẹ̀fọn á sì máa yé sí i. Páìpù tí oúnjẹ ń gbà wọlé, kó jẹ́ oníìnṣì 4. Ìta ni kó dúró sí, kó gba ara táǹkì ńlá wọlé ní sẹ̀ǹtímítà 15 sí ìsàlẹ̀, kí ẹnu rẹ̀ lókè sì ga ju ibi tí omi dé lọ. Pùlọ́ńbà á sọ pé oníìnṣì 2 náà á ṣe é. Kò ní ṣe é. Èèpo iṣu á há síbẹ̀ kí oṣù tó yípo. Páìpù àbájáde, oníìnṣì 3, á wà ní òdìkejì, ní sẹ̀ǹtímítà 10 sí ẹnu táǹkì. Ihò gáàsì á wà láàárín òrùlé gan-an, onílàjì ìnṣì, pẹ̀lú wáṣà onírọ́bà nínú àti lóde. Ẹ fi kànìnkànìn ta omi ọṣẹ sí gbogbo oríkèé. Ibi tó bá hó, ibẹ̀ ló ti ń jò.

Agbára tí gáàsì fi ń ti ara rẹ̀ jáde ni àwọn èèyàn kì í ronú kàn. Ìwúwo òrùlé ló ń tì í. Nínú táǹkì tó fẹ̀ tó nǹkan bíi mítà kan, kílò 7 sí 8 ìwúwo ló máa ń gbé omi sókè ní sẹ̀ǹtímítà 1 nínú rọ́bà ìwọ̀n. Sítóòfù fẹ́ nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 8. Ìyẹn ni pé gbogbo ìwúwo òrùlé gbọ́dọ̀ sún mọ́ kílò 60, bẹ́ẹ̀ táǹkì nìkan kò tó 20. Àpò yẹ̀pẹ̀ kéékèèké mẹ́rin tí a tò yíká ló dára, torí bí ẹ bá gbé gbogbo ẹrù sí apá kan, táǹkì á dà sẹ́gbẹ̀ẹ́, á sì há mọ́ ògiri. Rọ́bà ìwọ̀n tí mo sọ yìí kò ju rọ́bà funfun tó mọ́ gara lọ: ẹ ká a bí U mọ́ ara pátákó, ẹ bu omi sínú rẹ̀, ẹ so etí kan mọ́ páìpù gáàsì. Bí omi apá kan bá fi sẹ̀ǹtímítà 8 ga ju èkejì lọ, ó ti tó.

Gáàsì yìí máa ń jáde pẹ̀lú ooru omi, ooru náà á tutù nínú páìpù, á di omi, omi á sì dí ọ̀nà. Iná á wá máa jó, kó kú, kó tún jó, bí ẹni tó ń mí gúlegúle. Kí páìpù máa dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ lọ sí ibì kan tó rẹlẹ̀ jù, sẹ̀ǹtímítà 1 fún mítà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi tíì (oríkèé páìpù ẹlẹ́nu mẹ́ta) sí ibẹ̀, kí ẹsẹ̀ tíì náà rì sínú ìgò omi ní sẹ̀ǹtímítà 20 ó kéré tán. Omi á máa kán síbẹ̀. Bí gáàsì bá pọ̀ jù, á gba inú ìgò náà hó jáde dípò kó bẹ́ oríkèé. Ìgò yẹn máa ń gbẹ nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, ẹ máa wò ó. Tó bá ti gbẹ, gáàsì yín ń lọ sójú ọ̀run nìyẹn.

Ìgbẹ́ màlúù la fi ń dá a sílẹ̀. Garawa oní-20 lítà bíi 15, àti omi tó bá a dọ́gba, ẹ pò ó pọ̀, ẹ ṣa òkúta àti koríko gbígbẹ kúrò. Ohun tí àwọn alápatà ń gbọ́n dànù látinú ṣàkì ní odò ẹran tún dára ju ìgbẹ́ lọ, torí inú ibẹ̀ gan-an ni àwọn kòkòrò yìí ń gbé. (Ohun ńlá ni ìdọ̀tí odò ẹran. Ní Ìbàdàn, iṣẹ́ kan tí wọ́n pè ní Cows to Kilowatts, tó dá lórí sísọ ọ́ di gáàsì, gba ẹ̀bùn SEED lọ́dún 2005.) Ẹ bi Fúlàní tó ni màlúù bóyá ó ti gún wọn lábẹ́rẹ́ láìpẹ́, oògùn tó ń pa kòkòrò àìsàn ń pa ti inú táǹkì pẹ̀lú. Omi kànga tàbí omi òjò ló yẹ. Tó bá jẹ́ omi ẹ̀rọ tí wọ́n ti fi oògùn sí, ẹ jẹ́ kó sùn síta nínú garawa tí a ṣí sílẹ̀ mọ́jú.

Lẹ́yìn náà, sùúrù. Ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin ni. Òrùlé á gòkè láàárín ọjọ́ mélòó kan, inú gbogbo ará ilé á dùn, wọ́n á ṣáná sí i, kò sì ní jó. Carbon dioxide, gáàsì tí kì í jóná, ló pọ̀ jù nínú gáàsì àkọ́kọ́ yẹn, pẹ̀lú afẹ́fẹ́ tó kù nínú táǹkì. Ẹ tú u dànù pátápátá. Mi ò sọ èyí torí kó lè jó dáadáa nìkan: bí methane bá wà láàárín ìdá 5 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́, ó lè bú gbàù. Ẹni tó bá ṣáná sí ẹnu páìpù lórí táǹkì lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ń ṣeré pẹ̀lú bọ́ǹbù. Orí sítóòfù, lókèèrè sí táǹkì, nìkan la ti ń dán an wò, kí ẹ sì ti ki àwọ̀n wáyà bàbà sínú páìpù ṣáájú kó tó dé sítóòfù kí iná má baà padà sẹ́yìn.

Ọ̀rọ̀ sítóòfù ni ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń sọ pé gáàsì àwọn kò dára, nígbà tó jẹ́ pé sítóòfù ni kò bá a mu. Ẹ yọ régúlétọ̀ kúrò. Gáàsì yìí kò lágbára tó láti ṣí i. Ẹ tú jẹ́ẹ̀tì, ìyẹn idẹ kékeré tí gáàsì ń gba inú rẹ̀ jáde lábẹ́ ẹnu sítóòfù. Ihò rẹ̀ fún gáàsì sílíńdà kì í tó mílímítà 1. Ẹ fi bíìtì lu u di mílímítà 2, díẹ̀díẹ̀, 1.5 ná, kí ẹ dán an wò, torí ihò tó bá ti fẹ̀ jù kò ṣeé dí mọ́. Èkejì ni afẹ́fẹ́. Lítà kan gáàsì sílíńdà fẹ́ afẹ́fẹ́ tó ju lítà 24 lọ kó tó jó tán, ti táǹkì yìí kò fẹ́ ju 6 lọ. Bí ẹ bá fi ihò afẹ́fẹ́ sílẹ̀ bó ṣe wà, iná á gbéra kúrò lórí sítóòfù, á ró fùùù, á kú. Ẹ fi páànù tín-ín-rín tí a gé lára agolo yí ihò náà ká, kí ẹ máa sún un títí iná á fi jókòó, tí àwọ̀ rẹ̀ á sì di búlúù. Tó bá pọ́n rẹ́súrẹ́sú, tó sì ń mú kí ìkòkò dúdú, ẹ tún ṣí i díẹ̀.

Ó wá kan oúnjẹ rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí iná ti jó, ìlàjì kílò lóòjọ́ ló tó. Ẹ fi ìlàjì kílò kún un lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ títí tí ẹ ó fi dé 4 tàbí 5, kí ẹ má sì kọjá ibẹ̀ nínú táǹkì 1,000 lítà. Ẹ gé gbogbo rẹ̀ wẹ́wẹ́, kó má ju àtàǹpàkò lọ, ẹ fi omi ìlọ́po méjì rẹ̀ pò ó. Mo ti rí ilé tí wọ́n ṣe ìnáwó, tí wọ́n wá da gbogbo ajẹkù ìrẹsì, móínmóín àti iyán ọjọ́ náà sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà torí pé ó ṣe wọ́n láàánú láti dà á nù. Lọ́jọ́ kejì, òrùlé fẹ́rẹ̀ẹ́ fò. Lọ́jọ́ kẹrin, gáàsì pọ̀ lóòótọ́ ṣùgbọ́n kò jó, ó ń rùn kíkan. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni mo ti sọ lókè: omi kíkan pọ̀ ju ohun tí àwọn ẹlẹgẹ́ lè jẹ lọ.

Bébà pH, tó ń fi bí omi ṣe kan tó hàn (bí nọ́ńbà bá ṣe kéré tó ni omi ṣe kan tó), kò wọ́n, ẹ ní in lọ́wọ́. 6.8 sí 7.5 la fẹ́. Tó bá ti wọ 6.5, ẹ má fún un ní oúnjẹ kankan mọ́. Ẹ dúró bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, ẹ da garawa ìgbẹ́ màlúù tuntun kan tàbí méjì sí i, kí ẹ pò eérú igi ife kan mọ́ omi, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ da omi rẹ̀ sínú rẹ̀, kí ẹ wọ̀n ọ́n lọ́jọ́ kejì kí ẹ tó fi kún un. Ẹni tó bá sáré da eérú púpọ̀ sí i á ti inú ìṣòro kan bọ́ sínú èkejì: àwọn kòkòrò yìí kò fẹ́ kó kọjá 8 pẹ̀lú. Ìwàǹwára ló ń ba ibí jẹ́.

Àwọn ohun tí kò gbọ́dọ̀ wọlé: èèpo ọsàn, torí òróró tó ń ta sójú èèyàn nígbà tí a bá ń bó ọsàn ń pa kòkòrò; omi ọṣẹ àti bílíìṣì; egungun, èèpo ẹyin àti yanrìn, torí ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń jókòó sí, wọ́n á máa gba ààyè omi; epo tí a fi dín àkàrà, àyàfi ìwọ̀nba díẹ̀. Ìgbẹ́ adìyẹ ní nitrogen tó pọ̀ jù, ó ń di ammonia, ẹ má jẹ́ kó ju ìdá kan nínú márùn-ún ohun tó ń wọlé. Èèpo ẹ̀gẹ́ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń béèrè, nítorí àwọn tó ń ṣe gàrí ń dà á nù ní òkìtì. Ó dára, ṣùgbọ́n májèlé saínáídì wà nínú rẹ̀ nígbà tó bá tutù. Ẹ gé e, ẹ rẹ ẹ sínú omi fún ọjọ́ mẹ́ta, ẹ da omi náà sọnù síbi tí ewúrẹ́ kò ní mu ún, kí ẹ wá máa fi èèpo náà sí i lọ́wọ́ díẹ̀, pẹ̀lú ìgbẹ́ màlúù, torí ó ń kan kíákíá.

Gáàsì yìí ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́. Hydrogen sulfide ni, ó ń jẹ irin sítóòfù, ó sì léwu fún èémí. Bó bá pọ̀ gan-an, imú kì í gbọ́ òórùn rẹ̀ mọ́, nítorí náà ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé imú, ẹ má sì ki orí sínú táǹkì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí. Kànìnkànìn onírin tí a fi ń fọ ìkòkò ló ń gbà á mú, èyí tó ń dípẹtà. Èyí tí kì í dípẹtà kò wúlò níbí. Ẹ rẹ ẹ sínú omi iyọ̀ títí á fi pọ́n, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ dì í wọ́ọ́rọ́wọ́ sínú páìpù oníìnṣì 2 tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 40, kí gáàsì gba inú rẹ̀ kọjá. Bó bá ti dúdú tán, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Kí ẹ rì í sínú omi lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tí ẹ bá yọ ọ́, torí bí afẹ́fẹ́ bá kàn án, ó máa ń gbóná, ó sì lè ràn.

Nígbà ọyẹ́, gáàsì á dín kù. Inú oòrùn ni kí táǹkì wà, kó jẹ́ dúdú, kí ẹ sì dín oúnjẹ rẹ̀ kù pẹ̀lú, torí kì í lè dà á tán nígbà òtútù.

Omi tó ń jáde lódìkejì lójoojúmọ́, nǹkan bí lítà 15, ajílẹ̀ ni. Ẹ fi omi ìlọ́po mẹ́ta là á, ẹ da sí ìdí àgbàdo tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ nírọ̀lẹ́, ẹ fi yẹ̀pẹ̀ bò ó, torí nitrogen inú rẹ̀ ń fò lọ bí oòrùn bá pa á. Mi ò ní dà á sórí ewébẹ̀ tí a ń jẹ ní tútù.

Ohun tí táǹkì kò lè jẹ ni a fi ń wá káún ilé, ìyẹn omi eérú tí a fi ń se ọṣẹ. Èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó ti gbẹ àti èèpo kòkó ni ọba rẹ̀, nítorí potassium tó pọ̀ nínú eérú wọn; àwọn tó ń se ọṣẹ dúdú ti mọ èyí tipẹ́. Ẹ sun wọ́n títí eérú á fi funfun. Eérú tó ṣì dúdú, èédú ló kún inú rẹ̀, ẹ tún un sun. Ẹ kó o sínú garawa tí a lu ihò wẹ́wẹ́ sí ìdí rẹ̀, tí a tẹ́ koríko gbígbẹ àti aṣọ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ bu omi gbígbóná lé e, garawa omi méjì fún garawa eérú kan, kó máa kán mọ́jú. Ẹ da ohun tó kán sórí eérú tuntun lẹ́ẹ̀kan sí i kó lè le. Ẹyin adìyẹ tútù ni òṣùwọ̀n: tó bá rì, omi náà kò tíì le, tó bá léfòó tí orí rẹ̀ yọ bíi fífẹ̀ owó kọ́bọ̀, ó ti tó.

Ìkòkò irin tàbí ìkòkò amọ̀ la fi ń se ọṣẹ náà. Ẹ má lo ìkòkò alumíníọ́mù: omi eérú á jẹ ẹ́, ọṣẹ á bàjẹ́, gáàsì tó ń jáde níbẹ̀, hydrogen, á sì máa wá iná kiri. Bí ẹ bá fi láìmù (ẹfun tí wọ́n ń sun látara òkúta, kì í ṣe èso) tí a ti fi omi pa sínú omi eérú tó ń hó, ẹ ó rí nǹkan funfun tó ń sọ̀ kalẹ̀. Ẹ jẹ́ kó tòrò, ẹ sẹ́ ẹ. Ohun tó kù le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ gan-an, ó lè bó awọ ọwọ́, ó sì lè fọ́jú, nítorí náà ìbọ̀wọ́ àti gíláàsì ojú, kí ọmọdé má sì sí nítòsí. Omi yìí là ń bù sínú àdín gbígbóná díẹ̀díẹ̀, tí a ń rò ó, títí òróró kò fi ní ya sọ́tọ̀ mọ́. Ẹ po ọṣẹ díẹ̀ mọ́ omi, ẹ fi bébà pH wò ó: tó bá kọjá 10, ẹ fi àdín kún un, ẹ tún sè é. Eérú tó kù nínú garawa, tí káún rẹ̀ ti kán tán, ẹ fọ́n ọn sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Calcium àti phosphorus ṣì wà nínú rẹ̀.